Kí Ló Dé Tí Èjìká Ọ̀dọ́ Àgùntàn Mi Fi Le?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra èjìká ọ̀dọ́ àgùntàn kan tó tó kílò méjì. Mo gé aáyù àti ewé rosemary lé e lórí, mo sì yan án nínú ófùnù ní 220°C fún wákàtí kan àti ààbọ̀, bí mo ṣe kà á nínú ìlànà kan tí wọ́n kọ fún itan. Ìta rẹ̀ dúdú, aáyù náà korò, inú rẹ̀ sì le débi pé ńṣe la ń bá a jà. Kí a tó jẹun tán, ọ̀rá ti dì sára àwo. Ọmọ mi tún ní òórùn rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwa mẹ́fà la máa jọ jẹun lọ́sàn-án Àìkú tó ń bọ̀, mo sì ti ra èjìká mìíràn. Báwo ni kí n ṣe é pẹ̀lú àwọn ewé tó ń ta sánsán yẹn? Kí ni mo lè fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò ní gba gbogbo ọjọ́ mọ́ mi lọ́wọ́? Ṣé mo tilẹ̀ lè sè é sílẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá. Ìlànà tí ẹ tẹ̀ lé kò purọ́, ọwọ́ yín náà kò sì burú. Itan ni wọ́n kọ ọ́ fún, èjìká ni ẹ gbé sínú iná. Ara ẹran kan náà ni méjèèjì ti wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń jinná yàtọ̀ síra pátápátá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń se ẹran fún oníbàárà, tí mo sì ń kọ́ àwọn tó ń sè nílé. Ohun tí mo rí pé ó ń ba ẹran àgùntàn jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ jù náà nìyí: wọn kì í bi ara wọn pé ibo lára ẹran ni èyí ti wá kí wọ́n tó tan iná.

Èjìká ni ẹran fi ń rìn, òun ló sì ń gbé ọrùn àti orí rẹ̀ ró látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ibi tó bá ń ṣiṣẹ́ báyẹn, iṣan funfun máa ń pọ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá gé èjìká tútù sí méjì, ẹ ó rí i láàárín ẹran bí okùn tín-ín-rín tó ń dán. Kọ́lájìn, èròjà líle tó ń so ẹran pọ̀, ló pọ̀ nínú okùn yẹn. Ó ní láti gbóná tó nǹkan bíi 70°C kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ dáadáa, tó bá sì débẹ̀ tán, ó tún fẹ́ wákàtí mélòó kan kó tó di omi kíki tó ń lẹ̀ mọ́ ètè, èyí tó ń mú kí ẹran rọ̀ lẹ́nu. Ní wákàtí kan àti ààbọ̀ tí ẹ fi yan tiyín, ẹran ti jinná, omi ara rẹ̀ ti jáde, àmọ́ iṣan kò tíì yọ́. Ìdí nìyẹn tó fi gbẹ tó sì tún le. Ẹ ó ti rò pé ó pẹ́ jù lórí iná. Kò pẹ́ tó ni.

Ti ọjọ́ Àìkú yìí, tó bá jẹ́ ọjọ́ náà gan-an lẹ fẹ́ sè é, alẹ́ Àbámẹ́ta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fọ ẹran náà. Omi tó ń ta sílẹ̀ nígbà tí a bá ń fọ ẹran máa ń gbé kòkòrò àìfojúrí lọ sára àwo, ọ̀bẹ àti ewébẹ̀ tó wà nítòsí, iná ló sì ń pa wọ́n, omi kì í pa wọ́n. Ẹ kàn fi bébà ìnuwọ́ nù ún títí ara rẹ̀ á fi gbẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀rá rẹ̀. Òórùn tí ọmọ yín sọ, inú ọ̀rá ló pọ̀ sí. Àwọn ásíìdì kan wà nínú ọ̀rá àgùntàn tí kò pọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ti màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì máa ń pọ̀ sí i bí ẹran náà bá ṣe ń dàgbà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ọ̀dọ́, èyí tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú bó ọ̀rá tó nípọn kúrò títí yóò fi ku ìwọ̀nba tí kò ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ má bó o tán o, torí òun ni yóò máa rin ẹran láti òkè nígbà tó bá ń yọ́.

Iyọ̀ ló kàn. Fún kílò méjì tó ní eegun nínú, giramu 20 tó, ìyẹn bíi ṣíbí ìmutíì mẹ́ta ó lé díẹ̀ tó bá jẹ́ iyọ̀ kíkúnná. Ẹ fi pa á tọ̀tún-tòsì, ẹ fi ṣíbí ìmutíì kan ata dúdú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ kún un, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì láìbò ó, ní ìsàlẹ̀ pátápátá kí omi rẹ̀ má bàa kán sórí oúnjẹ mìíràn. Iyọ̀ á kọ́kọ́ fa omi jáde sójú ẹran. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ẹran á ti fa omi oníyọ̀ yẹn padà sínú. Tí ẹ bá fẹ́ fi omi lẹ́mọ́ọ̀nù pa á, ẹ má ṣe é lálẹ́ yẹn, torí kíkan tó bá pẹ́ lára ẹran máa ń sọ ojú rẹ̀ di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ewé, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé owó àti wàhálà yín ṣòfò jù. Irú méjì ni wọ́n. Rosemary àti táìmù jẹ́ ewé líle tó so mọ́ igi. Ẹ já ewé rosemary kan, kí ẹ fi ìka méjì fọ́ ọ: ẹ ó rí i pé òróró rẹ̀ lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ lè fọwọ́ kó ṣì máa ta sánsán. Òróró yẹn kì í tètè sá fún ooru, ó lè wà nínú ẹran fún wákàtí mẹ́rin kó ṣì máa dùn. Míǹtì àti páásílì yàtọ̀. Ewé rírọ̀ ni wọ́n, ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú iná ti tó láti sọ wọ́n di dúdú tí kò lóòórùn kankan. Èyí líle wà fún ìbẹ̀rẹ̀, èyí rírọ̀ wà fún ìgbà tí oúnjẹ bá ti dórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n èyí líle náà kò fẹ́ iná òjúkojú. Ìṣòro tiyín ni pé ẹ gé e wẹ́wẹ́ pẹ̀lú aáyù, ẹ wọ́n ọn sókè ẹran, ooru 220°C sì ń lù ú láìsí ohun tó bò ó. Aáyù kì í fara da ìyẹn, ó máa ń pọ́n, ó máa ń dúdú, á sì korò, kíkorò rẹ̀ á ran gbogbo oúnjẹ. Abẹ́ ẹran ni kí ẹ tẹ́ wọn sí. Ẹ gé odindi orí aáyù kan sí méjì lágbede méjì láìbó o, ẹ gé àlùbọ́sà ńlá méjì ní gbàǹgbà-gbàǹgbà, ẹ kó wọn sínú páànù tó jinú pẹ̀lú ẹ̀ka rosemary mẹ́ta àti ẹ̀ka táìmù mẹ́fà. Ẹ gbé ẹran lé wọn lórí, kí ẹ da omi gbígbóná tàbí omi ẹran bíi mílílítà 300 sí ìsàlẹ̀, kó má kan òkè ẹran. Tó bá jẹ́ ewé gbígbẹ lẹ ní, ìdá mẹ́ta ti tútù ti tó: ibi tí ẹ bá fẹ́ lo ṣíbí mẹ́ta tútù, ẹyọ ṣíbí kan gbígbẹ ni, kí ẹ sì fi ọwọ́ ra á kó tó wọlé.

Ẹ fi fọ́ìlì ìlọ́po méjì bo páànù náà, kí ẹ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kí ooru má rí ibi gbà jáde. Ófùnù yín ti gbọ́dọ̀ wà ní 160°C. Tó bá jẹ́ èyí tó ní fáànù, 140°C ti tó. Wákàtí mẹ́rin. Ẹ lè yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kejì bóyá omi ti ń gbẹ, lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ fi í sílẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó? Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í wo aago tó bá kan èjìká. Eegun ló máa ń dì mú. Eegun pẹlẹbẹ kan wà nínú èjìká, orí rẹ̀ sì máa ń yọ jáde bí ẹran bá ṣe ń sún kì. Á fi aṣọ ìdáná mú un, á sì yí i díẹ̀. Tó bá ń bá a fà, á ní ká dá a padà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tí eegun yẹn yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ sí i lọ́wọ́, funfun báláú, tí kò sí ẹran kan tó lẹ̀ mọ́ ọn, ni ohun tó ń sọ tó wọ̀ mí lórí. Títí dòní, n kò tíì rí àmì mìíràn tó dá mi lójú tó o. Tí ẹ bá ní tẹmómítà ẹran, yóò máa sọ nǹkan bíi 90°C sí 95°C nígbà náà.

Aago tiyín lè rí báyìí, tó bá jẹ́ aago méjì ọ̀sán lẹ fẹ́ jẹun. Ẹran jáde nínú fíríìjì ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó wọ ófùnù ní mẹ́jọ ààbọ̀. Ní méjìlá ààbọ̀, ẹ yí eegun wò. Tó bá ti rọ̀, ẹ gbé e jáde pẹ̀lú fọ́ìlì rẹ̀ kó máa sinmi, kí ẹ sì gbé iná ófùnù sókè sí 220°C fún pòtétò. Ní aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pòtétò wọlé. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí pòtétò jinná, ẹ gbé ẹran lọ sínú páànù mìíràn, ẹ ṣa gbogbo ewé àti aáyù tó bá lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, kí ẹ dá a padà láìbò kí òkè rẹ̀ lè pọ́n. Ìgbà yẹn nìkan ni iná ńlá wúlò fún un.

Pòtétò yẹn, kílò kan àti ààbọ̀ tó fún èèyàn mẹ́fà. Ẹ bó o, ẹ gé e ní gbàǹgbà, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi oníyọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ wá dé ìkòkò náà kí ẹ mì í jìgìjìgì títí etí pòtétò á fi họ. Ibi tó họ yẹn ló máa gbẹ táútáú nínú òróró gbígbóná. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta nínú ófùnù, kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan.

Kárọ́ọ̀tì tàbí ewébẹ̀ aláwọ̀ ewé kankan tí ẹ bá ní, ẹ bọ̀ ọ́ díẹ̀, kí ẹ fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí i, ó tán.

Ohun tí n kò ní gbà kí ẹ fò ni nǹkan kíkan. Ọ̀rá àgùntàn pọ̀ lẹ́nu, láìsí ohun tó máa gé e, èèyàn á ti sú kó tó jẹ abọ́ rẹ̀ tán. Ẹ gé ẹ̀kúnwọ́ míǹtì méjì wẹ́wẹ́, ẹ bu ṣíbí ìmutíì ṣúgà méjì sí i àti iyọ̀ kín-ún, ẹ da ṣíbí ìjẹun omi gbígbóná mẹ́ta lé e, kó dúró títí yóò fi tutù, kí ẹ tó fi ṣíbí ìjẹun fínígà mẹ́ta sí i. Tí ẹ kò bá fẹ́ fínígà, ẹ po yọ́gọ̀ọ̀tì tí kò ní ṣúgà mọ́ kùkúmbà àti míǹtì náà. Èmi fúnra mi fẹ́ràn ti fínígà jù.

Omi tó kù nísàlẹ̀ páànù, ẹ sẹ́ ẹ sínú ife gíga kan, kó dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀rá á léfòó sókè, kí ẹ fi ṣíbí bù ú kúrò. Èyí tó kù ni ọbẹ̀ yín. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó ronú iyọ̀ rárá.

Ti ọ̀rá tó dì sára àwo, ọ̀rá àgùntàn máa ń dì nígbà tí ọ̀rá adìyẹ ṣì jẹ́ omi. Àwo tútù ló fà á. Ẹ ki àwọn àwo bọ omi gbígbóná kí ẹ nù wọ́n gbẹ, tàbí kí ẹ tò wọ́n sínú ófùnù tí ẹ ti pa fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Tó bá di ọjọ́ mìíràn tí ẹ ra itan, ìyẹn lẹ lè tètè yọ: 220°C fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 170°C. Ẹ ki tẹmómítà bọ ibi tó nípọn jù láìkan eegun. Ní nǹkan bíi 60°C, ẹ gbé e jáde kó sinmi fún ogún ìṣẹ́jú, ooru inú rẹ̀ á ṣì máa gùn sókè. Ẹ rí i pé ó dé 63°C kí ẹ tó gé e. Ẹran lílọ̀ kò sí nínú ìyẹn o, ó gbọ́dọ̀ dé 71°C.

Sísè é sílẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè ṣe é, èmi gan-an máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí àlejò bá pọ̀. Lálẹ́ Ẹtì ni kí iyọ̀ ti wọ̀ ọ́. Tó bá jinná tán, ẹ yọ eegun, ẹ fa ẹran ya ní gbàǹgbà kó lè tètè tutù, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ sọ́tọ̀, kí méjèèjì wọ fíríìjì kó tó pé wákàtí méjì. Lówùúrọ̀ Àìkú, gbogbo ọ̀rá á ti dì sójú omi náà bí ìdérí funfun, ẹ kàn máa fọwọ́ ṣí i kúrò ni. Ẹ da omi yẹn padà sórí ẹran, ẹ bò ó, kí ẹ gbé e sínú ófùnù ní 160°C fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, títí àárín rẹ̀ á fi gbóná dé 74°C. Òkè rẹ̀ kò ní pọ́n bíi ti èyí tí ẹ sè lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nítorí òórùn tí ọmọ yín ń sọ, ọ̀nà yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́tẹ̀ yìí.