Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Báwo Ni Ohun Tíntín Ṣe Ń Darí Ìmọ́lẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń darí ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn ohun tó kéré ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Báwo ni ohun tó kéré ṣe ń darí èyí tó jù ú lọ, kí sì ni wọ́n ń fi í ṣe?

ÌDÁHÙN: Ó yẹ kí ó rú yín lójú. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní nànómítà. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí ń rìn bí ìgbì, láti orí ìgbì kan dé orí èkejì sì jẹ́ nǹkan bí 400 nànómítà fún àwọ̀ elésè àlùkò, títí dé 700 fún pupa. Ní ọdún 1873, Ernst Abbe, ará Jámánì, fi hàn pé bí ó ti wù kí lẹ́ńsì máíkírósíkóòpù dára tó, bí ohun méjì bá fi súnmọ́ra ju nǹkan bí ìdajì ìgbì yìí lọ, ńṣe ni wọn yóò dàpọ̀ mọ́ra lójú ẹni tó ń wò wọ́n.

Ìmọ̀ tuntun yìí kò gbára lé lẹ́ńsì nìkan. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ wúrà tí kò ju 40 nànómítà lọ. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, ìyẹn àwọn ohun bíńtín tó ń gbé iná mànàmáná, wà nínú rẹ̀ tí wọn kò dúró lójú kan, bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ bá sì ti kọlù wọ́n, gbogbo wọn á jọ mì lọ, wọ́n á jọ mì bọ̀. Ẹni tó bá ti gbé abọ́ omi rìn rí mọ̀ pé bí ìṣísẹ̀ ẹni bá ṣe kòńgẹ́ mímì omi náà, yóò fò dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀, omi á rọra dúró. Mímì ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ló ṣe kòńgẹ́ ti ẹyọ wúrà yìí, nítorí náà ni wúrà náà fi ń gba irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ra ju bí ara rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó lọ. Èyí tó ṣẹ́kù ló ń kọjá, ìdí sì nìyẹn tí omi tí a po irú wúrà bẹ́ẹ̀ mọ́ fi máa ń pupa. Bí a bá yí ìtóbi tàbí ìrísí ẹyọ náà padà, àwọ̀ náà yóò yí padà, bẹ́ẹ̀ wúrà kò yí orúkọ padà.

Àwọn ará Róòmù ti ṣe irú rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin, láìmọ ohun tí wọ́n ń ṣe, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ife kan tí wọ́n ń pè ní Lycurgus Cup wà ní British Museum ní London: bí ìmọ́lẹ̀ bá ti iwájú tàn sí i, àwọ̀ ewé ni, bí iná bá sì wà nínú rẹ̀, á di pupa, nítorí ẹyọ wúrà àti fàdákà tíntín tó wà nínú gíláàsì rẹ̀.

Ní ti ìlò rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti dì í mú lọ́wọ́ rí. Nínú ọ̀pọ̀ ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò, ẹyọ wúrà bẹ́ẹ̀ ló ń fa ìlà pupa. Wọ́n fi èròjà tó ń di ohun tí a ń wá nínú ìtọ̀ mú bo wúrà náà lára. Ìtọ̀ á gbé e lọ, á kó jọ síbi ìlà náà, ojú á sì rí i. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ibà kíákíá.

Àwọn quantum dots tún wà, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntín tí ìtóbi wọn ló ń pinnu àwọ̀ tí wọ́n ń tàn, tí wọ́n fi ń mú àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n dára sí i: èyí tó kéré jù ń tan búlúù, èyí tó tóbi díẹ̀ ń tan pupa, èròjà kan náà sì ni. Òun ló gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místrì fún Moungi Bawendi, Louis Brus àti Alexei Ekimov ní 2023.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi ìmọ́lẹ̀ nìkan ṣiṣẹ́ ti dé tán?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń polówó tàn yín. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì méjì kí ìmọ́lẹ̀ wọn dábùú ara wọn. Kò sí èyí tí yóò dá èkejì dúró. Bẹ́ẹ̀ ìṣírò inú kọ̀ǹpútà kò lè ṣe kí ohun kan má dá òmíràn dúró tàbí kí ó ṣílẹ̀kùn fún un, iṣẹ́ tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ṣe wẹ́rẹ́ nìyẹn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti gba ipò ni gbígbé ìsọfúnni láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn, wọ́n sì ti ń la ọ̀nà fún un lójú sílíkọ́ọ̀nù, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ọ̀nà tí ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 500 nànómítà lọ.