Ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù, Nàìjíríà ni àbí England?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mí, Manchester ni mò ń gbé, òyìnbó lọkọ mi. Ọmọkùnrin wa ti pé 17, àti kékeré ló ti wà ní akádẹ́mì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní kóńtíráàtì àkọ́kọ́ ni. Ó ti gbá fún àwọn ọmọdé England lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará ilé ní Ìkẹ́rẹ́ ò jẹ́ kí n sinmi mọ́, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ ta ọmọ fún òyìnbó ni, bọ̀dá mi àgbà tiẹ̀ ní Super Eagles ni dandan. Àwọn ará ọkọ mi náà ní tiwọn. Ọmọ wá dákẹ́, kì í sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nínú ilé mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Àǹtí mi, ẹ kú wàhálà ọmọ o. Ìdó-Èkìtì lèmi, London la wà, ọmọ Bulgaria nìyàwó mi, ọmọ wa náà wà ní akádẹ́mì, mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Dídákẹ́ tọ́mọ dákẹ́ yẹn ló dùn mí jù, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó, torí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè lè dúró.

Ó lè dúró lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù ọmọdé ò so ó mọ́ England. Ṣèbí Ademola Lookman tó ń gbá bọ́ọ̀lù gba Ife Àgbáyé àwọn ọmọ U-20 (àwọn tí ò ju ogún ọdún lọ) pẹ̀lú England ní 2017, 2022 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá fún Nàìjíríà, nígbà tó di 2024 òun ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù nílẹ̀ Áfíríkà. Alex Iwobi àti Ola Aina náà gbá fún ọmọdé England kí wọ́n tó wá sílé. Jamal Musiala tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tíyàá ẹ̀ jẹ́ ará Jámánì, England ló ń gbá fún láti kékeré, ó sì mú Jámánì ní 2021. Bukayo Saka dúró sí England, kò sẹ́ni tó lè ní kì í ṣọmọ Yorùbá. Láti 2020 ni FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, tiẹ̀ ti dẹ òfin pé kéèyàn yí orílẹ̀-èdè tó ń gbá fún padà, ẹni tó bá ti gbá eré bọ́ọ̀lù fáwọn àgbà tí ò ju mẹ́ta lọ kó tó pé 21, tí ò sí Ife Àgbáyé tàbí ife ilẹ̀ Áfíríkà tàbí ti Yúróòpù nínú ẹ̀, ó ṣì lè yí padà tọ́dún mẹ́ta bá kọjá.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe báyìí ni pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà. Nítorí pé ẹ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni tòun náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, òfin wa ò sì ní kó fi ti Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ẹ̀ náà ńkọ́? Ọmọ Èkìtì ni wá o, ọ̀pọ̀ ọmọ lakádẹ́mì ń dá padà sílé, ẹ má jẹ́ kó jáwọ́.

Lọ́jọ́ kan a gbé tiwa lọ sí Ìdó. Àwọn ọmọ àdúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà, lòun náà bá bọ́ tiẹ̀, ó fún aṣọ́lé wọn wọ̀. Ìgbà tó fi máa dé, erùpẹ̀ pupa ti bo orúnkún ẹ̀, màmá mi fi kànìnkànìn bó ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n gbé iyán síwájú ẹ̀, ó sì ń rojọ́ gólì tó jẹ fún wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè orílẹ̀-èdè kankan lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ pe bọ̀dá yín lálẹ́ òní, ẹ sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó ń lé yín. Tó bá wá yá, ẹ gbé fóònù fọ́mọ kó bá màmá yín sọ̀rọ̀, ẹ kàn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dárúkọ Super Eagles.