Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Súìtì Ilẹ̀ Òkèèrè Lórí Ahọ́n

Súìtì àti ṣokoléètì tí àwọn ará òkè òkun ń kó bọ̀ wálé ló gba ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé sí wa lóṣù yìí. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ti ìlú yìí dára ju ti ìlú yẹn lọ, ó yẹ kó kọ́kọ́ rí i pé ohun tóun ń fi wéra bára mu, kó sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi mú ṣokoléètì oníwàrà bọ̀ láti London, ẹ̀gbọ́n wa mú tirẹ̀ bọ̀ láti Houston. Àwọn ọmọ jẹ ti London tán. Wọ́n ní ti Amẹ́ríkà ń rùn bí ohun tó ti kan. Mo wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, kò tíì pé. Kí ló dé? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ fọkàn balẹ̀ mà, kò bàjẹ́. Butyric acid ni àwọn ọmọ ń gbóòórùn. Ásíìdì yìí wà nínú bọ́tà tó ti kan, ó wà nínú àwọn wàràkàṣì kan, ó sì wà nínú èébì pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí imú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n fi ń kọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wàrà tó ń wọ inú àwọn ṣokoléètì kan ní Amẹ́ríkà ló ń bí i: ọ̀rá inú wàrà náà ti túká díẹ̀ kí wọ́n tó pò ó mọ́ kòkó. Ẹni tó fi irú rẹ̀ dàgbà kì í tilẹ̀ fura.

Òfin náà ní ọwọ́ nínú ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, bí ìdá 10 nínú 100 bá ti jẹ́ kòkó lílọ̀, wọ́n lè pè é ní ṣokoléètì oníwàrà. Ilẹ̀ Yúróòpù ń béèrè ìdá 25. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìdá 20 bí wàrà rẹ̀ bá pọ̀ tó. Ẹ má kàn fi 10 wé 25 o, ìwọ̀n méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà: ti Amẹ́ríkà kò ka ọ̀rá kòkó tí wọ́n bù kún un, ti Yúróòpù kà á mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá mìíràn tún wà. Yúróòpù àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí wọ́n fi ọ̀rá tí kì í ṣe ti kòkó sí i dé ìdá 5, láàárín irú mẹ́fà tí òfin dárúkọ. Òrí tí a fi ń para wà nínú mẹ́fà náà, epo ọ̀pẹ sì wà ńbẹ̀. Amẹ́ríkà kò gbà á nínú ohun tí wọ́n bá pè ní ṣokoléètì gan-an.

Ẹ tún un dán wò báyìí. Ẹ bu ègé kékeré tó dọ́gba nínú méjèèjì, kí ọmọ kankan má rí ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn. Kí yàrá tutù díẹ̀, ìwọ̀n 20 sí 22°C ló dára. Kí wọ́n jẹ́ kó yọ́ lórí ahọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí wọ́n má rún un. Omi tí kò tutù ni kí wọ́n mu láàárín ìkíní àti ìkejì.

Àwọn ọmọ JSS 1 ni mò ń kọ́. A fẹ́ tọ́ súìtì ìlú márùn-ún wò níparí sáà: konpeito ti Jàpáànì, lokum ti Tọ́kì, súìtì rírọ̀ onírísí béárì láti Jámánì, súìtì àjàgbọn alátá láti Mẹ́síkò, àti TomTom tiwa. Báwo la ṣe máa tò wọ́n? — Olùkọ́, Abẹ́òkúta

Bí ẹ ṣe kọ wọ́n nínú lẹ́tà yín yìí gan-an ni kí ẹ ṣe tò wọ́n, láti orí èyí tó jẹ́jẹ́ dé orí èyí tó le. Ṣúgà lásán ni konpeito, tí wọ́n ń yí nínú agbada gbígbóná fún bí ọ̀sẹ̀ méjì títí yóò fi yọ ìwo wẹ́wẹ́. Bó bá tẹ̀lé ata, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Omi kì í wẹ ata kúrò lẹ́nu, mílíìkì ló ń gbé e lọ, nítorí náà ẹ ní mílíìkì nítòsí nígbà tí ẹ bá dé orí ti Mẹ́síkò. TomTom ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Mẹ́ntọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń tan ẹ̀yà ara tó ń gbọ́ òtútù jẹ lẹ́nu, ohun tí ọmọ bá jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kò ní jọ ara rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ní ọjọ́ méjì, ẹ ya TomTom sọ́tọ̀ fún ọjọ́ kejì kí ẹ sì fi wé mínntì ti ìlú mìíràn. Ìyẹn ló bára mu.

Ẹ má ju oríṣi mẹ́fà lọ níjòkòó kan. Ègé tó tó èékánná àtàǹpàkò ti tó fún ọmọ kan. Ẹ gbé wọn sórí àwo funfun, kí ẹ fi nọ́ńbà oníka mẹ́ta sàmì sí wọn, bí 417 tàbí 862. Bí ẹ bá kọ 1, 2, 3, àwọn ọmọ á ti gbà lọ́kàn pé 1 ló gbapò kìíní. Láàárín súìtì kan àti òmíràn, kí wọ́n mu omi, kí wọ́n jẹ kábíìnì bísíkíìtì díẹ̀, kí wọ́n sì dúró fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ata, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Omi yìnyín kò dára, ó ń mú ahọ́n kú.

Súìtì béárì yẹn ni ẹ máa fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ tó dára jù. Kí wọ́n di imú, kí wọ́n fi ọ̀kan sẹ́nu, kí wọ́n rún un: adùn àti ìkan nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Kí wọ́n wá tú imú sílẹ̀, èso náà á dé lójijì. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa mọ̀ pé imú ló ń dá ọsàn mọ̀ yàtọ̀ sí ápù. Lẹ́yìn náà ẹ di ojú wọn, kí wọ́n sọ àwọ̀ tí wọ́n ń jẹ. Ojú máa ń ṣi ahọ́n lọ́nà gan-an: béárì aláwọ̀ ewé ti Haribo, ilé iṣẹ́ súìtì Jámánì, jẹ́ ápù ní Jámánì, stróbẹ́rì ló jẹ́ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kan tí èdè wa máa fi dí yín lọ́wọ́: "ó dùn." Ọbẹ̀ oníyọ̀ dùn, ṣúgà dùn, eré dùn. Bí ẹ bá bi ọmọ bóyá súìtì dùn, ẹ kò tíì bi í ní nǹkan kan. Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ kọ sórí ìwé fún wọn láti fún ní máàkì láti 0 dé 5: bí ṣúgà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bó ṣe kan tó, bó ṣe le lẹ́nu tó, àti bí ohun tó kù lẹ́nu ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn tí wọ́n gbé e mì. Ìlà karùn-ún ni kí wọ́n ti wá sọ bóyá ó wù wọ́n.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí ṣáájú nípa ọmọ tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà tàbí wàrà. Ẹ sì kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má jẹ àgbáyun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tó wà nínú àgbáyun ń sọ ìkan di adùn fún bíi wákàtí kan, súìtì àjàgbọn yín á sì di oyin lẹ́nu onítọ̀hún.

Ọmọ mi fi súìtì dúdú kan ránṣẹ́ láti Rotterdam. Iyọ̀ ló kọ́kọ́ gba ẹnu mi, ó wá ta mí nímú. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé mo lè máa jẹ ẹ́? — Bàbá àgbà, Òṣogbo

Ẹ má jẹ ẹ́ mọ́, bàbá, àyàfi bí dókítà yín bá gbà. "Drop" ni wọ́n ń pè é ní Netherlands, ọmọ ìyá rẹ̀ ní Finland ni salmiakki. Ohun tó ta yín nímú ni ammonium chloride, iyọ̀ kan tí kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Kì í ṣe òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá jù. Gbòǹgbò igi liquorice tó wà nínú súìtì náà ni. Glycyrrhizin inú rẹ̀ dùn ju ṣúgà lọ ní ọgbọ̀n ìgbà ó kéré tán, adùn rẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé, ó sì ń pẹ́ kó tó lọ. Nínú ara, ó ń mú kí iyọ̀ dúró, kí potásíọ̀mù sì máa bá ìtọ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ á wá máa ru sí i.

Miligíráàmù 100 glycyrrhizin lójúmọ́ ni ààlà tí Yúróòpù ń lò fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Bí súìtì náà bá ní gíráàmù 4 rẹ̀ nínú kílò kan, òfin wọn ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí i fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní Dutch, ẹ wá "zoethout" (liquorice) àti "hoge bloeddruk" (ẹ̀jẹ̀ ríru) lára ọ̀rá. Irú èyí, gíráàmù 25 péré ti dé ààlà yẹn. Ìkúnwọ́ kékeré kan nìyẹn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú súìtì rírọ̀ tí wọ́n bá kó bọ̀? — Alhaja, Ìwó

Ibi tí wọ́n ti ṣe é ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́. Jẹlatíìnì, èyí tí wọ́n ń yọ lára awọ àti egungun ẹran, ló ń mú súìtì rọ̀. Ti ẹlẹ́dẹ̀ ni Haribo ń lò nínú béárì rẹ̀ ní Jámánì, ti màlúù ni èyí tó ń ṣe ní Tọ́kì, ọ̀rá méjèèjì sì jọra. Lára ti Tọ́kì, "sığır jelatini" túmọ̀ sí jẹlatíìnì màlúù. Bí ẹ bá rí "gelatine" lásán tí kò sí àmì hàlálì, ẹ fi í sílẹ̀. Pectin jẹ́ ti èso, kò léwu. Lokum gidi sì jẹ́ sítáàṣì àti ṣúgà. Eyín náà lè ràn yín lọ́wọ́: ti jẹlatíìnì ń fà, ó sì ń yọ́ lẹ́nu, ti pectin ń gé mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ti sítáàṣì ń lẹ̀ mọ́ eyín. Ẹ tún ṣọ́ E120, àwọ̀ pupa tí wọ́n ń yọ lára kòkòrò.

Ṣokoléètì mi hu funfun nínú fíríìjì, súìtì líle sì ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Ṣé kí n dà wọ́n nù? — Ìkòròdú

Rárá. Ẹ fi ìka ra ibi funfun náà. Bó bá yọ́ tó sì parẹ́, ọ̀rá kòkó ló yọ́ nínú ooru tó tún dì padà. Bó bá ń hára bí iyẹ̀pẹ̀, omi ló bà lé e tó yọ ṣúgà jáde. Ẹ lè jẹ méjèèjì, àmọ́ ẹ má fi wọ́n ṣe ìfiwéra mọ́. Ìdá 1 sí 3 omi ni súìtì líle ní, ó sì ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Inú ìgò tí ìdérí rẹ̀ le ni kó máa wà. Bí fíríìjì bá pọn dandan fún ṣokoléètì, ẹ fi ọ̀rá méjì wé e, kí ẹ sì jẹ́ kó gbóná bí ara yàrá kí ẹ tó tú u.

Wọ́n ní cocada ti Bràsíìlì àti bàbá dúdú wa jọra. Mo fẹ́ ṣe méjèèjì fún ìfiwéra, ṣùgbọ́n bàbá dúdú mi ń di iyanrìn. — Ìjẹ̀bú-Òde

Ìbátan ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbejì. Ní Salvador, lórí àtẹ àwọn obìnrin tó ń ta acarajé, èyí tó jẹ́ àkàrà wa, ni ẹ ti máa rí cocada. Wọn kì í sẹ́ ẹ: àgbọn rírin náà wà nínú ẹ̀, èèyàn ń rún un. Funfun ń bẹ, dúdú ń bẹ, èyí tí wọ́n fi ṣúgà sísun tàbí rapadura (ṣúgà ìrèké tí wọn kò fọ̀) ṣe. Oje àgbọn nìkan ló wà nínú bàbá dúdú, èèyàn ń pọ́n ọn lá ni.

Ìyanrìn yẹn wá láti ara ṣúgà tí kò yọ́ tán, tàbí nítorí pé ẹ rò ó nígbà tó ń tutù. Ẹ rin àgbọn ńlá méjì, ẹ fi ife omi gbígbóná mẹ́ta fún un, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ pò ó mọ́ gíráàmù 250 ṣúgà àti ìlàjì ṣíbí tíì oje ọsàn wẹ́wẹ́. Ọsàn náà ló ń dí ṣúgà lọ́wọ́ kó má dì padà. Ẹ rò ó lórí iná kékeré títí ṣúgà á fi yọ́ pátápátá kó tó hó. Ẹ fi aṣọ tútù nu ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, nítorí hóró ṣúgà kan tó bá já bọ́ láti ibẹ̀ lè sọ gbogbo rẹ̀ di iyanrìn. Láti ìgbà náà, ìsàlẹ̀ ìkòkò nìkan ni kí ẹ máa fi ṣíbí igi họ kó má jóná.

Bí òróró bá ti ń yọ tí àwọ̀ sì ń dúdú, ẹ dín iná kù, kí ẹ kán díẹ̀ sínú omi tútù. Bó bá ṣù tó sì le díẹ̀, ó ti tó ìwọ̀n 121 sí 125°C: ó máa fà lẹ́nu. Bó bá dún kẹ́ẹ́ tó ṣẹ́, ó ti dé nǹkan bí 148, ó máa le. Iná ńlá ló ń mú un korò. Ẹ fi òróró pa ọwọ́, ẹ yí i nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ gé e, kí ẹ wé e lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀. Nígbà òjò, ẹ sè é kọjá ibi tí ẹ ń dé lọ́gbẹlẹ̀ díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ń wọ inú súìtì òyìnbó? — Peckham, London

Ewé kọ́, èso rẹ̀ ni, èyí pupa tó ń so nítòsí ilẹ̀. Ohun àdídùn inú rẹ̀ ń jẹ́ thaumatin, E957 ni wọ́n ń kọ sára ọ̀rá ní Yúróòpù, ó sì wà nínú àwọn ṣíngọ́ọ̀mù kan. Ó fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún méjì dùn ju ṣúgà lọ, nítorí náà ìba díẹ̀ ni wọ́n ń lò. Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀ lẹ́nu, ẹ wá ṣíngọ́ọ̀mù tó ní in àti ọ̀kan oníṣúgà, kí ẹ jẹ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Adùn ṣúgà ń dé kíá ó sì ń lọ kíá. Ti E957 ń pẹ́ kó tó yọjú, ó wá ń dúró lẹ́yìn ahọ́n bíi ti gbòǹgbò liquorice.