Ìbéèrè Òǹkàwé: Àárín Ọmọ àti Olùkọ́ Rẹ̀
Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ojoojúmọ́ ni olùkọ́ ń bá ọmọkùnrin mi wí ní kíláàsì kìíní. Ṣé èyí lè pa ẹ̀kọ́ rẹ̀ lára?

Ìdáhùn: Ó lè pa á lára. Ní ọdún 2001, Bridget Hamre àti Robert Pianta ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ 179 tí wọ́n tọpasẹ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé kíláàsì kẹjọ. Wọ́n rí i pé níbi tí gbọ́nmi-si-omi-ò-to bá ti wà láàárín olùkọ́ àti ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀, máàkì àti ìwà ọmọ náà sábà máa ń kù díẹ̀ káàtó lẹ́yìn náà, pàápàá láàárín àwọn ọmọkùnrin. Ìyẹn kò sọ olùkọ́ di ọ̀daràn, bí àwa òbí ṣe máa ń yára rò. Ẹ bẹ olùkọ́ náà kí wọ́n máa bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí kò sí ẹ̀sùn nílẹ̀.