Ooru ṣáájú oúnjẹ: ìtọ́jú ọmọ ológbò tí a gbé láti inú gọ́tà

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò ńlá, mo gbọ́ igbe nínú gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa, mo sì bá ọmọ ológbò kan níbẹ̀ tó tutù rinrin, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo dúró títí bóyá ìyá rẹ̀ á padà wá, n kò rí i. Mo gbé e wọlé, mo dá a dùbúlẹ̀ sí itan mi, mo sì fún un ní mílíìkì inú agolo. Ó bì í, ó sì ti ń ṣu omi láti àná. Ojú rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, ó ń sín, eégbọn wẹ́wẹ́ tó ń fò kún ara rẹ̀. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun, gíráàmù 380 ni. Aládùúgbò mi ní kí n fi Dettol wẹ̀ ẹ́, kí n sì fún un ní ìdajì Panadol. Ológbò mi àgbà, ọmọ ọdún mẹ́ta, ń kùn lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí mo gbé e sí, ó sì ti tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Abẹ́òkúta fẹ́ gba ọmọ náà bó bá yè. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú aájò. Ẹ jọ̀ọ́, kí Panadol yẹn má kan ẹnu rẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni mo ti ní láti bẹ̀rẹ̀, torí pé kò sí ohun tó lè tètè pa á nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ tó o. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára láti fọ́ paracetamol, oògùn tó wà nínú Panadol, bí ẹ̀dọ̀ tiwa ṣe ń fọ́ ọ. Hóró kan ṣoṣo, mìlígíráàmù 500, tó láti pa ológbò tó ti dàgbà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá bá mi. Ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, èrìgì rẹ̀ ti pàwọ̀ dà bíi kòkó, ó sì ń mí gúlegúle. Ó ní ìdajì péré lòun fún un, nítorí ibà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ṣojú ológbò náà.

Dettol àti Izal náà kò dára fún ológbò. Ahọ́n ni ológbò fi ń wẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá fi pa á lára, inú ni yóò bá a dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀tapiàpià, Sniper, àti oògùn eégbọn tí wọ́n ṣe fún ajá: púpọ̀ nínú ti ajá ló ní permethrin, èyí tó ń mú kí ológbò máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, tó sì lè pa á. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ fi epo pupa ṣẹ́ májèlé fún un, ẹ má gbà. Ọmọ tí kò lágbára láti gbé mì dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró ni epo náà yóò gbà lọ.

Ní ti mílíìkì, ẹ má bínú sí ara yín. Ìkánjú àánú ló ń pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ológbò tí wọ́n ń gbé wá bá mi. Èèyàn rí ohun kékeré tí ebi ń pa, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, ó sì wá oúnjẹ fún un kíákíá. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ ológbò bá tutù, ìfun rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Oúnjẹ yóò dúró sínú ikùn, yóò kan, yóò padà wá sókè, ibẹ̀ ni yóò sì ti bọ́ sí ọ̀nà èémí. Ooru ló gbọ́dọ̀ ṣáájú oúnjẹ. Ẹ ti ìka yín bọ̀ ọ́ lẹ́nu: bí inú ẹnu bá tutù, kò tíì tó àkókò oúnjẹ. Bí ẹ bá ní tẹmómítà, ẹ fi epo díẹ̀ sí orí rẹ̀ kí ẹ tó rọra kì í bọ ihò ìdí rẹ̀. Ìgbóná ara tó dára fún ọmọ tó tó báyìí wà láàárín 38 sí 39; bí kò bá tó 36, ẹ má fún un ní oúnjẹ kankan títí yóò fi móoru.

Ẹ mú páálí tó tóbi díẹ̀, ẹ tẹ́ ìró àtijọ́ sí i. Ẹ rọ omi gbígbóná, kì í ṣe omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, sínú ike omi tí ọmọrí rẹ̀ dè dáadáa, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ sì gbé e sí apá kan páálí náà. Ẹ fi apá kejì sílẹ̀ lófìfo kó lè rìn kúrò bí ooru bá pọ̀ jù. Mo fẹ́ràn ike omi ju gílóòbù lọ, ẹ̀yin náà mọ ìṣe iná ìjọba. Ẹ ṣáà máa pààrọ̀ omi náà ní wákàtí méjì sí mẹ́ta. Bí kò bá sí omi gbígbóná lórí ìjókòó, ẹ gbé e lé àyà yín lábẹ́ ìró. Ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀díẹ̀, láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta. Ẹ má gbé e sídìí sítóòfù. Bó bá rọ jọwọrọ, ẹ po glúkóòsì tàbí ṣúgà mọ́ omi díẹ̀, ẹ fi ìka kan án, kí ẹ sì fi pa á ní èrìgì. Ẹ má dà á sí i lẹ́nu.

Ìgbà tó bá ti móoru ni kí ẹ wá sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Mílíìkì inú agolo ti parí báyìí. Wàrà màlúù ní irú ṣúgà tí ìfun ọmọ ológbò kì í lè lọ̀, òun náà sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kó ṣu omi. Mílíìkì tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológbò wà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹranko. Ó wọ́n, mo mọ̀, ṣùgbọ́n agolo kékeré kan yóò gbé e kọjá ìgbà tó le jù yìí. Ẹ wo ẹnu rẹ̀: bí eyín ẹ̀gbẹ́ bá ti ń yọ, á ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ń jẹun kánú sì máa ń wọ̀n tó nǹkan bíi gíráàmù 450, nítorí náà tiyín ti rù. Tó bá ti ní eyín, ó lè lá oúnjẹ rírọ̀. Ẹ bọ ẹja tàbí àyà adìẹ láìsí iyọ̀, ata tàbí Maggi, ẹ yọ egungun rẹ̀, ẹ gún un kúnná, kí ẹ sì fi mílíìkì rẹ̀ pò ó. Àlùbọ́sà kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá. Ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, nítorí náà ọbẹ̀ ilé wa kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀.

Bí kò bá lè lá a fúnra rẹ̀, ẹ lo sìríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Ẹ má dá a dùbúlẹ̀ bí ọmọ èèyàn mọ́. Ẹ jẹ́ kó dojú ikùn délẹ̀, bí ìgbà tó ń mu ọmú ìyá rẹ̀, ẹ ti ẹnu sìríǹjì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ máa kán an díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dúró kó gbé e mì. Ikùn rẹ̀ kò lè gbà ju nǹkan bíi mìlílítà 15 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fún un bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún sí mẹ́fà lójúmọ́, kí ẹ sì dìde fún un lẹ́ẹ̀kan lóru. Láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, ẹ máa kán ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, sí i lẹ́nu. Láràárọ̀, kó tó jẹun, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó ń gbádùn máa ń fi nǹkan bíi gíráàmù 10 sí 15 kún ìwọ̀n rẹ̀ lójúmọ́. Ìwé yẹn wúlò fún èmi dókítà ju ìtàn gígùn lọ.

Sísín àti ojú tó lẹ̀ pọ̀ jọ ọ̀fìnkìn ológbò. Kòkòrò àrùn méjì ló sábà ń fà á, herpesvirus àti calicivirus, àwọn méjèèjì kì í sì í ran èèyàn. Ẹ se omi, ẹ fi iyọ̀ ṣíún sí i, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi òwú rin ipin náà títí yóò fi rọ̀. Òwú ọ̀tọ̀ fún ojú ọ̀tọ̀. Ẹ má lo oògùn ojú tó wà nílé. Àwọn kan ní steroid, wọ́n sì lè fọ́ ojú tó ti ní egbò. Imú tó dí náà ń fa nǹkan mìíràn tí ọ̀pọ̀ kì í rò: ológbò tí kò gbóòórùn oúnjẹ kì í jẹ ẹ́. Ẹ móoru oúnjẹ náà díẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè jáde. Ẹ tún lè gbé e wọ ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú garawa omi gbígbóná, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Eégbọn ń mu ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ gíráàmù 380 kò sì tó nǹkan. Bí èrìgì rẹ̀ bá funfun bíi bébà, ẹ má dúró di ọ̀la. Bó bá ṣì pupa, tí ara rẹ̀ sì ti móoru, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le wẹ̀ ẹ́ láti ọrùn sísàlẹ̀, ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wá fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ tí a fi ń yọ iná orí ọmọdé yọ ìyókù.

Ìgbẹ́ omi yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Ó lè jẹ́ mílíìkì, ó lè jẹ́ aràn, torí wọ́n máa ń mu aràn mọ́ ọmú ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ panleukopenia, àrùn tó ń run ẹ̀jẹ̀ funfun ológbò, tó sì ń pa ọmọ wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lónìí, ẹ bu ìgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ sínú ike dání. Ilé ìwòsàn ẹranko Fásitì Ìbàdàn wà nítòsí yín. Wọn yóò lè fa omi sí abẹ́ awọ rẹ̀, èyí tí ORS kò lè ṣe bí omi ara rẹ̀ bá ti gbẹ jù, wọn yóò sì fún un ní oògùn aràn tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu. Kòkòrò panleukopenia lè wà nílẹ̀ títí di ọdún kan, ọṣẹ kì í pa á. Ẹ po ife búlíìṣì kan mọ́ ife omi ogún, ẹ fi nu ilẹ̀ àti abọ́, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó fi omi ṣàn án. Kí ológbò má wọlé títí yóò fi gbẹ. Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn èèyàn nítorí dìgbòlugi. A kò mọ ibi tí ọmọ gọ́tà ti wá. Ẹ tún máa wo irun rẹ̀ fún ojú pípá róbótó: làpálàpá ológbò ń ran ọmọdé.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ ìyálé, ológbò yín àgbà. Àwọn àgbà ní òrìṣà jẹ́ kí n pé méjì obìnrin kò dénú, bẹ́ẹ̀ ló rí fún ológbò. Òórùn ara rẹ̀ ló fi mọ̀ pé ilé yìí jẹ́ tòun. Nígbà tí òórùn àjèjì wọlé, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó sì lọ fi òórùn tirẹ̀ sí ibi tí òórùn yín ti pọ̀ jù. Ẹ má nà án. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tó ń lọṣọ̀ọ́ láti tọ̀ tí ìtọ̀ kò jáde, àìsàn nìyẹn, pàápàá bó bá jẹ́ akọ. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Kí wọ́n má rí ara wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Kí ọmọ ní abọ́ tirẹ̀, iyanrìn ìgbẹ́ tirẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ, kí ẹ tó fọwọ́ kan àgbà. Bí àgbà kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ béèrè fún un nígbà tí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tí dókítà bá ti ní kò sí àrùn mọ́, ẹ fi aṣọ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ oúnjẹ àgbà. Ẹ ṣe ti àgbà fún ọmọ bákan náà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa jẹun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilẹ̀kùn kan náà. Ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé wa dára púpọ̀ fún ìgbà àkọ́rí: wọ́n á rí ara wọn, èékánná kò ní kanra. Bí àgbà bá wú irun tàbí tó kọ oúnjẹ, ẹ padà sẹ́yìn fún ọjọ́ mélòó kan. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Àgbà tí kò bá jẹun fún odindi ọjọ́ kan sí méjì, ẹ pe dókítà. Ebi tètè ń ba ẹ̀dọ̀ ológbò jẹ́.

Ní ti ọ̀rẹ́ yín, kó ní sùúrù títí ọmọ yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó kéré tán, tó ń jẹun fúnra rẹ̀, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ àjẹsára. Ti dìgbòlugi yóò tẹ̀lé e tó bá pé oṣù mẹ́ta. Ilé ìwòsàn ẹranko FUNAAB, fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, lè bá wọn ṣe é. Ẹ sọ fún un pé yàrá kan ṣoṣo ni kó kọ́kọ́ fún un, kì í ṣe gbogbo ilé, kó gbé páálí kan síbẹ̀ tó lè sá sí, kó má sì fà á jáde. Kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá gbóòórùn rẹ̀. Kó má jẹ́ kó jáde síta fún bí oṣù kan, kó má baà wá ọ̀nà gọ́tà lọ. Kí ẹ sì fi ìró inú páálí rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, láìfọ̀.