Ṣé hàláálì ni fínígà balsamic tí a fi ń yan tòmátì?

Ìbéèrè: Àsàláámù àlékúmù, Àáfà. Ẹ̀pẹ́ níbí ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ oúnjẹ sísè l'Ékòó ló kọ́ wa ní oúnjẹ kan: a óò la tòmátì sí méjì, a óò fi òróró ólífì, iyọ̀, ááyù àti fínígà dúdú kan tí wọ́n ń pè ní balsamic pa á lára, a óò wá gbé e sí apá ìsàlẹ̀ àdìrò gáàsì, níbi tí a ti ń yan kéèkì, títí yóò fi rọ̀ tí omi ara rẹ̀ yóò sì ki. Ẹ̀gbẹ́ ẹja yíyan la máa ń bù ú sí nígbà ìṣínu. Àlájà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, wá rí ìgò rẹ̀, wọ́n kà á lára rẹ̀ pé omi èso àjàrà àti fínígà wáìnì ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọtí ni, pé ìrun gbogbo àwa tí a jẹ ẹ́ kò ní gbà fún ogójì ọjọ́. Àtìgbà yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Ṣé kí n da ìyókù nù? Ìrun wa ńkọ́?

Ìdáhùn: Wàálékúmú sàláámù, arábìnrin mi. Ẹ má da nǹkan kan nù. Hàláálì lẹ jẹ, kò sì sí ohun tó ṣe ìrun yín nípa èyí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí a kì í dájọ́ nǹkan tí a ò mọ̀. Ilẹ̀ Ítálì ló ti wá, ní ìlú Modena àti Reggio Emilia. Èyí tí wọ́n ń ṣe bíi ti àwọn baba wọn, omi àjàrà nìkan ni: wọ́n á sè é títí yóò fi ki, wọ́n á dà á sínú àgbá onígi, ibẹ̀ ni yóò ti máa kan fún ọdún 12, ó kéré tán. Òmíràn ń lo ọdún 25. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń tà á, mi ò sì rò pé òun ló wà nílé yín. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, omi àjàrà ni wọ́n pò mọ́ fínígà wáìnì, òfin wọn sì ni pé fínígà wáìnì náà kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 10 nínú 100. Yóò lo ọjọ́ 60, ó kéré tán, nínú ohun èlò onígi kí wọ́n tó rọ ọ́ sí ìgò. Ohun tí Àlájà kà nìyẹn, wọn ò ṣì í kà.

Òótọ́ ni pé fínígà wáìnì ti ṣe ọtí rí. Àmọ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, àwọn kòkòrò tójú kò rí á jẹ ohun tó ń mú ni yó nínú rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di ohun kíkan. Ẹni tó bá gbé ife rẹ̀ mu, ojú rẹ̀ á fún pọ̀ ni, kò lè yó. Ọtí tí Ọlọ́hun kà léèwọ̀ ní Súrátul Máídà, áyà 90, ohun tó ń mú làákàyè lọ ni. Bí ohun yẹn bá ti kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, tí orúkọ, ìtọ́wò àti iṣẹ́ rẹ̀ yí padà, ìdájọ́ rẹ̀ náà yí padà.

Fínígà kì í ṣe àjèjì nínú ẹ̀sìn wa rárá. Jábìr ọmọ Abdullāh, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, sọ pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bi àwọn ará ilé rẹ̀ léèrè ọbẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan nílé àfi fínígà. Ó ní kí wọ́n gbé e wá, ó ń fi jẹun, ó sì ń sọ pé, "Ọbẹ̀ dáadáa ni fínígà, ọbẹ̀ dáadáa ni fínígà." Ìmáàmù Muslim, tó kó àwọn ọ̀rọ̀ Ànábì jọ, ló gba hàdíìsì yìí wá. Jábìr ní láti ọjọ́ tí òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì ni òun ti fẹ́ràn fínígà.

Ibi tí àwọn onímọ̀ ti ṣe àríyànjiyàn ni èyí, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Bí ọtí bá fúnra rẹ̀ kan di fínígà, gbogbo wọn ló gbà pé ó mọ́. Àmọ́ bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di fínígà ńkọ́? Wọ́n bi Ànábì bóyá èèyàn lè sọ ọtí di fínígà, ó ní, "Rárá." Abū Talha, sàhábà kan, ní ọtí àwọn ọmọ òrukàn kan lọ́wọ́, ó ní ṣé kí òun sọ ọ́ di fínígà, Ànábì ní kó dà á nù. Nítorí èyí, Ìmáàmù Ṣáfíì àti Ìmáàmù Ahmad ní fínígà tí wọ́n ti ara nǹkan tí wọ́n dà sí ọtí ṣe kò mọ́. Ìmáàmù Abū Hanīfa ní ó mọ́, ó sì ṣeé jẹ. Lọ́dọ̀ Ìmáàmù Málíkì, tí ọ̀pọ̀ àáfà ilẹ̀ wa ń tẹ̀ lé, ohun tó gbajúmọ̀ ni pé ẹni tó ṣe é kò ṣe dáadáa, àmọ́ fínígà náà ti di jíjẹ. Èyí ni mo dì mú. Nítorí náà, ẹ má ra wáìnì wálé pé ẹ fẹ́ sọ ọ́ di fínígà. Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ ní wáìnì nílé. Èyí tí àwọn onífínígà ti ṣe tán, tó ti kan, ẹ lè rà á. Pé ará Ítálì ló ṣe é kò bà á jẹ́.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ṣì ń ṣiyèméjì lè lo fínígà èso ápù, kó fi oyin ṣíbí kan sí i. Tòmátì náà á dùn, kò kàn ní dúdú tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ yín ṣọ́ra fún níbi iṣẹ́ tó ń kọ́ ni wáìnì gan-an tí àwọn kan ń dà sínú ọbẹ̀ àti ẹran. Wọ́n á ní iná ti gbé ọtí rẹ̀ lọ. Ìyẹn ò jọ tiwa yìí. Ọtí ni wọ́n dà sí oúnjẹ, hàráámù ni, kó má tọ́ ọ wò.

Ní ti ogójì ọjọ́: hàdíìsì náà wà lóòótọ́, ẹni tó bá mu ọtí ló sì ń bá wí. Kò kan ẹni tó jẹ fínígà. Ẹ má tún ìrun kankan kí. Ọlọ́hun sì kìlọ̀ fún wa ní Súrátun Náhl, áyà 116, pé ká má fi ahọ́n wa pe nǹkan ní "èyí hàláálì, èyí hàráámù" láìní ẹ̀rí.

Síbẹ̀, ẹ má ka lẹ́tà yìí sí Àlájà létí lójú àwọn ọmọ. Kí ọkọ yín bá wọn sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Bí wọn ò bá sì fẹ́ jẹ ẹ́ náà, kò sí ìjà ńbẹ̀. Wọ́n gbé ẹran aṣálẹ̀ kan tó jọ awọ́nríwọ́n síwájú Ànábì rí, ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Khālid ọmọ Al-Walīd, sàhábà rẹ̀ kan, ní ṣé hàráámù ni, ó ní rárá, pé kò sí i nílẹ̀ àwọn ènìyàn òun ni, kò wu òun jẹ. Khālid bá fà á mọ́ra, ó ń jẹ ẹ́, Ànábì ń wò ó. Ẹ bu ẹja ti Àlájà sọ́tọ̀ kí ẹ tó da tòmátì sí àwo.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.