Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Páìpù Seamless Àbí Alójú?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. A fẹ́ fa stíìmù láti ara bọ́ílà lọ sí ìkòkò ọṣẹ, nǹkan bí 20 mítà. Prẹ́ṣọ̀ (agbára ìtì stíìmù) 10 bar ni bọ́ílà náà ń ṣe. Onírin ní dandan ni kí páìpù alójú bẹ́, pé seamless, èyí tí kò lójú ìjó, ni ká rà. Ajórin wa ní owó ṣíṣòfò ni. Ta ni ká gbọ́? (Aṣẹ̀ṣẹ́ṣe-ọṣẹ, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìdáwọ́lé. Ẹ ra seamless, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ onírin yín kò péye. Irin gbọọrọ tí kò nihò ni wọ́n fi ń ṣe seamless: wọ́n á mú un gbóná tó nǹkan bí 1,200°C, wọ́n á máa yí i láàárín rọ́là, wọ́n á sì fi ọ̀pá olórí ṣóńṣó gún àárín rẹ̀ já. Alójú ní tirẹ̀, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ká bí ẹní, tí wọ́n fi iná mànàmáná mú etí méjèèjì gbóná, tí wọ́n sì tì wọ́n pọ̀; ibi tí wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ ni ojú ìjó. Alójú tí wọ́n ṣe sí ASTM A53, ìlànà ṣíṣe páìpù irin, lè gbé 10 bar dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdá 85 nínú 100 agbára irin rẹ̀ ni ASME, ìlànà fún ìṣirò páìpù oníprẹ́ṣọ̀, ń kà, nítorí ojú ìjó yẹn.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni páìpù géètì àti àga, tí ara rẹ̀ kò ju 1.5 tàbí 2 mm lọ. Alójú lòun náà ń jẹ́ lẹ́nu ajórin, kò sì sẹ́ni tó fi prẹ́ṣọ̀ dán an wò rí. Stíìmù 10 bar gbóná tó 184°C. Láràárọ̀ ni páìpù yín yóò máa gbóná, lálaalẹ́ ni yóò máa tutù, omi á sì dúró nínú rẹ̀. Bí ojú ìjó bá lábùkù, ibẹ̀ gan-an ni ìpatà á ti máa jẹ ẹ́ lójú kan. Fún 20 mítà, owó àlékún náà tọ́.

A106 Grade B (orúkọ irú irin seamless), 2 ínṣì, Schedule 40 (ìwọ̀n bí ara páìpù ṣe nípọn tó) ni kí ẹ béèrè. 3.91 mm ni ara rẹ̀ nípọn lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìlànà gbà kó dín ní 12.5%, ìyẹn 3.42 mm. Ẹ fi kálípà wọ̀n ọ́n níbi mẹ́rin yípo ẹnu rẹ̀, torí ara seamless kì í sábà dọ́gba. Bí ibì kan bá kéré sí 3.42, ẹ dá a padà. Ẹ má gé tẹ́ẹ̀dì sí i o: tẹ́ẹ̀dì á jẹ 1.77 mm, bí ara rẹ̀ bá sì jẹ́ 3.42, ohun tó kù kò ní tó 2 mm. Ẹ jó o pọ̀ tàbí kí ẹ lo fùláńjì, àwo irin tí wọ́n fi bóòtù dè pọ̀. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ gé tẹ́ẹ̀dì, ẹ ra Schedule 80, tí ara rẹ̀ nípọn jù.

Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára páìpù, kí nọ́ńbà irin rẹ̀ bá ti ìwé ẹ̀rí ilé iṣẹ́ tó ṣe é mu. Bí wọ́n bá ti kùn ún, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀: ìlà kan tó yọ gbọọrọ láti ẹnu dé ìdí, ojú ìjó nìyẹn.

Ìbéèrè: Ṣé seamless ló yẹ fún ẹsẹ̀ táǹkì omi? (Onílé, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Rárá, alójú tó. Kò sí prẹ́ṣọ̀ nínú ẹsẹ̀ táǹkì. Ẹ náwó yẹn sórí ọ̀pá ìdábùú àti ìpìlẹ̀ kọnkéré, kí ẹ sì dí orí páìpù pa, torí òjò tó bá wọ inú rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́ láti inú wá.

Ìbéèrè: Mò ń ṣe ẹ̀rọ ìfúngàárì. Ṣé mo lè fi alójú ṣe sílíńdà jáàkì rẹ̀? (Oníṣẹ́ ẹ̀rọ, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe é. Ìlà ojú ìjó inú rẹ̀ á máa ha síìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí òìlì jò) nígbàkígbà tí písítìnì bá lọ tó bọ̀, títí òìlì á fi máa jò. Seamless lásán náà kò tó, inú rẹ̀ rí gbágungbàgun. Èyí tí wọ́n ti dán inú rẹ̀ fún sílíńdà ni kí ẹ béèrè. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbé e fún wọn dán, ẹ kọ́kọ́ jó ẹnu ọ̀nà òìlì mọ́ ọn, torí iná ìjórin máa ń lọ́ sílíńdà tó ti dán.